Àpò-Ìrántí Ààfin Ìsádi Tó Kọ̀ Tí Kò Gbàgbé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìsádi, tilé toko, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi ọṣẹ sójú dúró. Àwọn tó ń jà, kí wọ́n di ara wọn mú síbẹ̀, wọ́n á máa bá a lọ tí mo bá kọjá tán. Èmi Ọ̀jẹ́lékè ni, akéde ààfin. Olúsádi, ọba wa, ló rán mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ òdòdó ààfin, ìyẹn ṣì wà níwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni!

Mo tún un sọ, torí mo rí ẹni tó ń padà wọlé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ààfin ni, ó sì kan ìyá tó bí ìyá rẹ. Jáde síta!

Kábíyèsí ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fi ọ̀kan pamọ́, nítorí ohun tí akéde bá fi pamọ́, àwọn aládùúgbò á fi tiwọn dí àyè rẹ̀. Olóyè Bámgbàlà, Ọ̀tún ìlú, pè mí sẹ́yìn ògiri, wọ́n ní kí n fo ibì kan. Mo ti gbàgbé ibi tí wọ́n ní kí n fò. N ó kúkú sọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Kábíyèsí gorí oyè, wọ́n rán akọ̀wé ààfin káàkiri agboolé. Ẹ mọ̀ ọ́n: Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣebìkan, ọkùnrin gíga tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń gbé fóònù síwájú àwọn àgbàlagbà wa, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ìtàn ilé wọn. Ta ló tẹ agboolé yìí dó? Orin wo lẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún? Kí ni orúkọ odò yìí kó tó gbẹ? Wọ́n sọ ọ́. Àwọn mìíràn sọ ọ́ títí akọ̀wé fi sùn lọ níwájú wọn, wọ́n sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ. Gbogbo ohùn náà ló kó sínú kọ̀ǹpútà ààfin. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n ṣe ń já. Ilẹ̀ gba ẹnu wọn. Ohùn wọn ló kù fún wa.

Nínú kọ̀ǹpútà, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà, kò fẹ̀ ju bisikíìtì lọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó bá mọ̀ sí. Kì í yí bíi ti àtijọ́, kì í kùn, kì í gbọ̀n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é ní ẹ́sẹ́sìdí. Ààfin ń pè é ní àpò-ìrántí. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà láàfin. Kò ní èkejì! Kò sí ẹ̀dà! Ìtàn odindi ìlú, inú bisikíìtì kan! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo fọ́tò ìkómọ ọmọ rẹ, ṣebí inú fóònù kan náà ló wà, èyí tí o ń kì bọ àpò ẹ̀yìn, tí o sì ń jókòó lé lórí.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni àpò-ìrántí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Akọ̀wé kọ ìwé ìpè sí àwọn ìjòyè, kọ̀ǹpútà gbà á. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ìwé ìpè ti pòórá. Ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí akọ̀wé pa rẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tún tan kọ̀ǹpútà, ohun tó pa rẹ́ ti padà wá jókòó sáyè rẹ̀. Ó nu ojú. Ó tún pa á rẹ́. Ó tún padà! Ó pa á rẹ́, ó gbàdúrà lé e. Ó tún padà!

Ìgbìmọ̀ jókòó lé e. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò títí oúnjẹ fi dé, wọ́n sì gbé oúnjẹ náà yẹ̀wò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pàṣẹ. Mo kéde rẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, ẹ gbọ́ ọ báyìí.

Àṣẹ kìíní: kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sóòrùn, bóyá òtútù ló mú un.

Àṣẹ kejì: kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kúrò lóòrùn, kí wọ́n da ìrẹsì lé e lórí, nítorí ọmọ Ọ̀sì fi ìrẹsì wo fóònù tó bọ́ sómi, ó sì jí.

Àṣẹ kẹta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se ìrẹsì náà. Ẹni tó bá sè é, yóò ro gbogbo oko ẹ̀yìn ààfin pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Àṣẹ kẹrin kò sí. Ọ̀tún àti Ọ̀sì kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́. Kí a máa sọ pé ó ń ronú.

Ó ronú, ó ronú, kò sàn. Nígbà tí wọ́n gbọn ìrẹsì kúrò lára rẹ̀, ìrẹsì kò pé mọ́. Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Mo rí ẹ, ìyàwó Ọ̀sì, mo kàn ń kéde ni.

Nígbà náà ni Ọ̀tún dìde. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà, pé akọ̀wé ló ń fi ààfin ṣeré, kí wọ́n lé e lọ kí iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìjòyè mi orí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣebìkan dúró síbẹ̀. Ẹ rántí pé ilé ààfin ló ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún.

Kábíyèsí bi í léèrè. Wọ́n ní, "Ọláṣebìkan, kí ni nǹkan yìí gan-an tí o ń pa rẹ́ tó ń padà?"

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. Ó wo Ọ̀tún. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ohùn Ìyá Àgbà Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ni, ti ilé Alágbẹ̀dẹ, tó ti di olóògbé. Ibi tí wọ́n ti sọ ìtàn ilé Bámgbàlà. Olóyè ni wọ́n ní kí n pa á rẹ́ kó tó di pé ẹlòmíì gbọ́ ọ."

Eṣinṣin tó wà lórí ẹran dá ìyẹ́ dúró.

Akọ̀wé ò tíì dákẹ́. Ó ní, "Mo sì pa á rẹ́, Kábíyèsí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbé oúnjẹ mì. Ìyá yẹn fún mi ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà tí mo rí i pé wọ́n ti padà, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn."

Ọ̀tún fariwo bọnu. Wọ́n ní, "Irọ́ ni obìnrin yẹn pa mọ́ baba ńlá mi! Baba ńlá mi, akọgun tí ọ̀tá ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ sára!"

Kábíyèsí ní kí wọ́n lọ pe Fẹhíntọlá, ọmọ Jagunná, tó kàwé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sì mọ ẹnu rẹ̀.

Ó dé. Ó kúnlẹ̀ kí ọba. Ó tú ikùn kọ̀ǹpútà. Ó gbójú sókè, ó bèèrè pé, "Ta ló da ìrẹsì sínú nǹkan yìí?"

Gbogbo ìjòyè Ìsádi, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi ń tutù, wọ́n ń ka pákó àjà.

Ó ṣa ìrẹsì kúrò. Ó wo wáyà, ó yọ ọ́, ó tún un kì bọ̀ ọ́, kò yàtọ̀. Ó yọ àpò-ìrántí, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bákan náà ló rí. Ó fi í sílẹ̀ kó máa jẹ iná lásán láìbi í ní nǹkan kan, bí ìgbà tí a bá fi omi sẹ́nu aláìsàn kó tó sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun tí akọ̀wé wí ló rí: ó ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn, kò gba tuntun, kò sì jẹ́ kí wọ́n yọ ti àtijọ́.

Fẹhíntọlá nu ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, nǹkan yìí kò ya wèrè, ẹnikẹ́ni kò sì sà sí i. Ó ti darúgbó ni. Iye ìgbà tí ènìyàn lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ lópin. Òmíràn wà nínú irú wọn tó jẹ́ pé tó bá rí i pé agbára òun ti ń tán, á ti ilẹ̀kùn. Á ní kí wọ́n má kó ẹrù wọlé mọ́, kí wọ́n má sì ba èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́. Àyè ló ń fún wa ká fi kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó kú. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí. Mi ò lè ṣèlérí ọ̀la."

Ọ̀tún gbé orí sókè. "Ìyẹn ni pé tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á kú fúnra rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, sà."

Ará Ìsádi, n kò tíì rí ibi tí àánú ti tètè bo ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí! Ojú Ọ̀tún rọ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n ní, "Kábíyèsí, arúgbó ni. Ó ti sin ìlú. Kí ló dé tí a ó máa fi wáyà gún un kiri? Ẹ jẹ́ kó lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́." Ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn Ọ̀sì ní kí wọ́n tilẹ̀ ṣe ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ fún un.

Kábíyèsí ní, "A ó ṣe ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni Ìyá Àgbà tilẹ̀ sọ? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ kó tó kú."

Ẹ gbọ́ ibi tí ìtìjú wa wà, gbogbo wa pátá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ohùn àwọn àgbàlagbà náà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó gbọ́ ọ rí. Akọ̀wé gbọ́ ọ, torí òun ló gbà á sílẹ̀. Ọ̀tún gbọ́ ìdajì. Ibi tó ti dùn wọ́n ni wọ́n ti ní kó tó.

Wọ́n so sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá Àgbà wúkọ́. Ẹni tó ti kú wúkọ́ láàfin, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán. Wọ́n ní àga tí wọ́n jókòó sí ń gún wọn nídìí. Wọ́n bi akọ̀wé bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Nígbà tí ogun ti ọ̀nà ọ̀dàn dé, tí wọ́n ń sun ilé, Bámgbàlà tí ẹ ń pè ní akọgun yẹn, ìró ìyàwó rẹ̀ ló ró. Ó wé gèlè. Ó gba ọ̀nà odò sá lọ."

Ẹ̀rín sọ! Ọ̀sì di ikùn mú. Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí fìlà ìlẹ̀kẹ̀ fi yẹ̀ lórí wọn. Ọ̀tún jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi yìnyín sí lára.

Ìyá Àgbà ò sì dúró de ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń sá lọ níwájú rẹ̀, tó ń fi ọ̀nà hàn án, Olúsádi àkọ́kọ́ ni. Òun ò tilẹ̀ rí ìró ró."

Ẹ̀rín dá bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kábíyèsí to fìlà. Àwọn ìjòyè ń wo ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀tún nìkan ló wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Kábíyèsí fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́. Ọwọ́ wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pa iná. Ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀. Ìka kan péré ló kù kí gbogbo rẹ̀ parí, tí kò sì sí ẹni tó lè bi ọba pé kí ló dé.

Fẹhíntọlá kò dìde. Ó rọra sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ tó rọra sọ̀rọ̀: "Kábíyèsí, tẹ́ ẹ bá pa á báyìí, mi ò mọ̀ bóyá á tún jí."

Ọwọ́ ọba dúró síbẹ̀. Ohùn náà sì ń bọ̀.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ọláṣebìkan, ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín tán kí n tó máa lọ. Àwọn tó dúró jà lọ́jọ́ yẹn, akọni ni wọ́n. Dárúkọ ọ̀kan fún mi. O ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, torí kò ku ọmọ kan tí yóò máa pe orúkọ wọn. Àwọn tó sá ló pọ̀n wá. Bámgbàlà yẹn, kí lo rò pé ó wà lábẹ́ ìró tó ró? Ọmọ méjì ló pọ̀n. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti aládùúgbò tí ilé ti wó pa. Àwọn ọmọ ogun kì í wo abẹ́ ìró obìnrin. Ọmọ aládùúgbò yẹn ló bí ìyá mi. Mo ń rẹ́rìn-ín sí baba náà lójoojúmọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni ìlú wa ń jẹ́? Ṣé Ìṣẹ́gun la pè é ni? Ìsádi ni! Ẹni tí kò sá, kí ni yóò fi ìsádi ṣe?"

Wọ́n ní kí akọ̀wé bá wọn fa àga sínú ibòji. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀tún ṣí fìlà. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbé sí i láti ibi abẹ́ ìró. Wọ́n gbé e sí i. Ọ̀tún fi fìlà bo ojú. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú fìlà pé, "Ọmọ aládùúgbò. Ọmọ aládùúgbò ló pọ̀n."

Kábíyèsí gbé ọwọ́ kúrò lórí iná. Wọ́n ní, "Fẹhíntọlá, ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Tèmi náà."

Fẹhíntọlá bẹ̀rẹ̀. Ohùn àwọn òkú wa ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń gun ògiri. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ ni iná ìjọba lọ! Wọ́n sáré sídìí jẹnẹrétọ̀ ààfin, kò sí epo níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti fi epo náà mú ọtí tutù nígbà tí wọ́n ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ará Ìsádi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olóyè Bámgbàlà, Ọ̀tún ìlú, ká agbádá sí èjìká, wọ́n sá eré! Eré tí ìdílé wọn mọ̀ ọ́n sá! Wọ́n sá dé ilé, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo lórí, wọ́n sá padà, tí àwọn ajá àdúgbò ń gbó tẹ̀ lé wọn. Jẹnẹrétọ̀ dún. Àpò-ìrántí ṣojú bàìbàì, ó jí, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó kù díẹ̀. Ó dúró.

Fẹhíntọlá pààrọ̀ wáyà. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà kejì. Ó tún fún un níná lásán, a jókòó, a ń wò ó. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀, bí ẹni pé a kò fi nǹkan kan sí i rí. Fẹhíntọlá fi aṣọ nu àpò-ìrántí náà, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́.

Ohun tó bá a lọ ni ohùn Bàbá Ọdẹ́wálé, ọdẹ ilé Olókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú mọ̀ wọ́n, ẹ mọ̀ pé àwọn nìkan ló mọ orúkọ gbogbo ìsun omi tó wà lórí òkè wa, àti èyí tí kì í gbẹ nínú wọn. Ọ̀gbẹlẹ̀ rèé. Kànga ń gbẹ. Bàbá Ọdẹ́wálé ti kú, ohùn wọn náà sì ti kú báyìí.

Akọ̀wé lọ bá Màmá Wúràọlá, ìyàwó wọn. Màmá fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, "Ẹnu bàbá yín ò fìgbà kan kúrò lórí omi yẹn. Lórí ẹní ni wọ́n ti ń kà á fún mi. Èmi á ní, 'Bàbá Wúrà, ẹ sùn o jàre.'" Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Àmọ́ oorun kì í tètè gbé mi. Ó jọ pé mo gbọ́ díẹ̀. Orin kan wà níbẹ̀."

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun! Ẹ gbọ́ o, ẹ gbọ́ ọ dáadáa!

Àṣẹ kìíní! Kí agboolé kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá sí fèrèsé akọ̀wé pẹ̀lú fóònù, kó wá gba ẹ̀dà ohùn ìlú. Gbogbo agboolé! Ẹni tó bá ní fóònù òun ti kún, kó mú un wá bẹ́ẹ̀. Fẹhíntọlá yóò ṣí i lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì ka ohun tó kún un sókè. Ẹ yan èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Àṣẹ kejì! Akọ̀wé kò lọ ibì kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀tún ló ní kí n kéde èyí, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: akọ̀wé kò lọ ibì kankan!

Àṣẹ kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ìtìjú ilé rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìtàn. Tí ọ̀rọ̀ bá dùn ọ́, wá fi èsì tìrẹ kún un, pẹ̀lú ohùn rẹ àti orúkọ rẹ. Ìjìyà ẹni tó bá rú òfin yìí: yóò jókòó gbọ́ èsì Ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀tún ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ò tíì dé ibi tí wọ́n ti bí baba ńlá wọn.

Àṣẹ kẹrin! Ní ti Olúsádi àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìró: Kábíyèsí yọ̀ǹda kí ẹ rẹ́rìn-ín di ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ rín in dáadáa. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ̀rín tán. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lọ́la, yóò pọn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ yí ìlú po, ọmọ náà á sì jẹ́ èyí tó sanra jù.

Àṣẹ karùn-ún: ìrẹsì, rárá!

Àṣẹ kẹfà ló wúwo jù. Ẹ sún mọ́ mi. Màmá Wúràọlá ń bọ̀ wá jókòó láàfin lónìí, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá rántí sínú àpò-ìrántí tuntun, èyí tó ti ní èkejì àti ẹ̀kẹta. Títí wọ́n á fi parí, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ dún! Ọ̀kadà kò gbọdọ̀ fọn fèrè! Kí odó sinmi, kí ọmọ odó sinmi! Pásítọ̀ ti gbà láti pa sípíkà, Lèmọ́mù náà ti gbà, àwọn méjèèjì sì ń ṣọ́ ara wọn. Ẹni tó ní àkùkọ, kó fi agbọ̀n bò ó. Ìjìyà ẹni tó bá pariwo: yóò jókòó síwájú fóònù akọ̀wé, lójú àwọn àna rẹ̀, yóò sì sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé baba rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà yín. Mo rí i lójú yín. Púpọ̀ nínú yín, ẹ ò ní sọ ọ́ kọjá ibi tí Ìyá Àgbà ti wúkọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó bá Bàbá Ọdẹ́wálé lọ sígbó rí, tó bá wọn mu omi lórí òkè rí, kó wá. Bó bá jẹ́ orúkọ ìsun kan ṣoṣo ló mọ̀, kó wá. Bó bá jẹ́ ìdajì orin, kó mú ìdajì rẹ̀ wá. Bí kò bá dá a lójú, kó wá, a ó fi wé ti ẹlòmíì. Kò sí ìjìyà fún ẹni tó bá ṣì í rántí. Ìjìyà wà fún ẹni tó bá jókòó sílé.

Mo ń wò ó láti ibi tí mo dúró. Màmá Wúràọlá ti ń gun àtẹ̀gùn ààfin. Ọ̀tún di apá kan mú, Fẹhíntọlá di apá kejì. Akọ̀wé ti gbé àga sínú ibòji.

Ẹnu ọba ni mo fi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn ín. Ẹni tó gbọ́, kó ta ẹni tó sùn jí. Ẹni tó ní òun ò gbọ́, òfin ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mi ò ní pariwo mọ́.

Ẹ dákẹ́. Màmá ti fẹ́ la ẹnu.